Òrùka Ńlá àti Ọwọ́ Tó Wọ̀ Ọ́

Mo fẹ́ràn òrùka ńlá. Ibi ìjẹ́wọ́ yìí ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìlara ló bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Bí mo bá dé òde ìgbéyàwó, kí n tó wo gèlè, kí n tó wo aṣọ òkè, ọwọ́ ìyàwó ni ojú mi ń kọ́kọ́ lọ. Bí òkúta orí òrùka rẹ̀ bá tó kóró àgbàdo, inú mi a dùn bí ẹni pé èmi ni wọ́n fi í fún. Bí ó bá kéré, mo máa ń yínmú. Ìyínmú ọjọ́ kan ní Ìlíṣàn níbí ló sọ mí di ẹni tó ń kọ àròkọ yìí.

Àbúrò mi obìnrin ló fẹ́ lọ sílé ọkọ. Olùkọ́ ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ó fi owó tí ó ti ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀ ra òrùka dáyámọ́ńdì kan, tí òkúta rẹ̀ kò ju orí ìṣáná lọ. Nígbà tí àbúrò mi na ọwọ́ sí mi pé, "Àǹtí mi, ẹ wò ó," mo wò ó tán, mo ní, "Ṣé kámẹ́rà á rí eléyìí báyìí?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà bá wa rẹ́rìn-ín. Kò pé oṣù kan tí ó fi dá ìyẹn padà, tí ó gbé òmíràn dé, èyí tí òkúta rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ìka náà tán. Mo pàtẹ́wọ́. N kò béèrè ibi tí owó ti wá. Lọ́jọ́ ìdána, nígbà tí alága ní kí ìyàwó mú ohun kan ṣoṣo tó wù ú nínú gbogbo ẹrù tí wọ́n kó wá, ó mú Bíbélì gẹ́gẹ́ bí àṣà. Wọ́n tú òrùka tí wọ́n so mọ́ ọn, wọ́n fi í sí i lọ́wọ́, oníkámẹ́rà sì sún mọ́ ìka rẹ̀ tímọ́tímọ́. Kámẹ́rà rí i. Gbogbo èrò rí i.

Kí a tó dá òrùka náà lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwọn kan máa ń ní fífẹ́ràn ohun ọ̀ṣọ́ ńlá kì í ṣe tiwa, wọ́n ní àwọn òyìnbó ló kó o ràn wá. Irọ́ ni. Yorùbá kò fìgbà kan bẹ̀rù ohun ọ̀ṣọ́ tó tóbi. Ẹ wo ọba Rẹ́mọ yòówù lọ́jọ́ ọdún: iyùn ọrùn rẹ̀ á wọ́ dé àyà, ti ọwọ́ á wà níbẹ̀, ti ẹsẹ̀ náà á wà níbẹ̀. Ẹ wo àwọn ère idẹ Ilé-Ifẹ̀ tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní 500 ọdún, ẹ ó rí èyí tí ìlẹ̀kẹ̀ bo ọrùn àti àyà rẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ fún wa pé kékeré nìkan ló bójú mu, ilé ẹlòmíràn ló ti gbé ìmọ̀ràn rẹ̀ wá. Nítorí náà, n kò bá títóbi ṣẹjọ́.

Ohun tí mo ń bá jà ni pé a mọ bí a ṣe ń wo iyùn, a kò mọ bí a ṣe ń wo dáyámọ́ńdì. Bí ìyá àgbà kan bá gba iyùn lọ́wọ́ rẹ, kì í ṣe bó ṣe tóbi tó ni yóò kọ́kọ́ wò. Á gbé e sọ́wọ́ kí ó mọ ìwúwo rẹ̀, nítorí pé èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe fúyẹ́. Á wo pupa rẹ̀, bóyá ó jinlẹ̀ ni tàbí ọ̀dà ni wọ́n kùn ún. Á wo ihò tí okùn gbà kọjá. Lẹ́yìn náà ni yóò wá béèrè èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ: "Ta ló ni ín kó tó dé ọwọ́ rẹ?" Nǹkan mẹ́rin nìyẹn, títóbi kò sí nínú wọn. Ṣùgbọ́n bó bá di ti dáyámọ́ńdì, ìbéèrè kan ṣoṣo la ní: "Báwo ló ṣe tóbi tó?"

Àwọn tó ń ta dáyámọ́ńdì gan-an kì í fi títóbi nìkan dá a mọ̀. Ohun mẹ́rin ni àwọn náà ń wò: bí wọ́n ṣe gé e, àwọ̀ rẹ̀, mímọ́ inú rẹ̀, àti ìwúwo rẹ̀ tí wọ́n ń fi káràtì wọ̀n. Káràtì kan jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún gíráàmù. Ìwúwo ni, kì í ṣe fífẹ̀. Dáyámọ́ńdì róbótó tó jẹ́ káràtì kan máa ń fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 6.5, èyí tó jẹ́ káràtì méjì kò fẹ̀ ju nǹkan bíi mìlímítà 8 lọ. Síbẹ̀, owó rẹ̀ sábà máa ń ju ìlọ́po méjì lọ, nítorí pé òkúta ńlá ṣọ̀wọ́n ju kékeré lọ. Ẹni tó bá torí ojú ayé lọ ra káràtì méjì, mìlímítà kan ààbọ̀ ló fi gbogbo owó yẹn rà.

Ó tún kù. Gígé ló ń mú kí òkúta tàn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, ojú 57 tàbí 58 ni wọ́n ń gé sí i lára. Ìmọ́lẹ̀ á gba òkè wọlé, á máa ta láti ojú kan sí èkejì nínú òkúta, á sì tún gba òkè jáde sí ojú ẹni tó ń wò ó. Bí wọ́n bá gé e ní ìgékúgèé, ìmọ́lẹ̀ á gba ìsàlẹ̀ sá lọ, òkúta ńlá náà á wá rí bí omi inú ọpọ́n. Òrùka kékeré tí mo fi ṣẹ̀sín, ó ń kọ mànà bí àbúrò mi ṣe ń mi ọwọ́. Ńlá tí ó rọ́pò rẹ̀ kò kọ mànà kankan. Mo rí i lọ́jọ́ náà. Mo kàn dákẹ́ ni.

Ẹ máà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré sọ pé bóyá ayédèrú ni. Ní òde wa, bí wọ́n bá fẹ́ dójú ti obìnrin, wọ́n á ní dígí ni òkúta òrùka rẹ̀. Kí wá ni sẹ̀gi? Dígí ni. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn walẹ̀ ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ ní 2011 àti 2012, ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000 ni wọ́n rí, pẹ̀lú àpáàdì ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ dígí. Àwọn baba ńlá wa ló ṣe é níbẹ̀, kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí etí òkun wa. Dígí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọba fi ń ṣe ọ̀ṣọ́, kò sì sí ẹni tó pè é ní ayédèrú, nítorí pé kò sí ẹni tó fi í pe ohun tí kò jẹ́. Irọ́ ló ń sọ nǹkan di ayédèrú, kì í ṣe dígí. Obìnrin tó mọ̀ pé òkúta tòun kì í ṣe dáyámọ́ńdì, tó rà á ní iye tó yẹ ẹ́, tó sì ń wọ̀ ọ́ nítorí pé ó wù ú, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àlàyé.

Ta ló wá kọ́ wa pé bí dáyámọ́ńdì kò bá sí, tàbí bí kò bá tóbi, ìfẹ́ kò dájú? Ilé iṣẹ́ De Beers, tó ń wa dáyámọ́ńdì ní gúúsù Áfíríkà, ló gbé iṣẹ́ ìpolówó fún àwọn kan ní Amẹ́ríkà. Ní 1947, obìnrin kan nínú wọn tó ń jẹ́ Frances Gerety kọ gbólóhùn kúkúrú kan tó so dáyámọ́ńdì mọ́ títí láé. Nígbà tó yá, ìpolówó wọn ń sọ fún ọkùnrin pé kí ó má ka owó oṣù méjì sí ohun tó pọ̀ jù fún òrùka. Ọkùnrin Amẹ́ríkà tí owó oṣù rẹ̀ ń wọlé déédéé ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn náà rìn jìnnà, ó dé etí olùkọ́ kan ní Rẹ́mọ. Èmi gan-an ni mo sì bá De Beers polówó nínú pálọ̀ wa, láìgba kọ́bọ̀.

Kì í ṣe pé òrùka ńlá kì í yẹ ẹnikẹ́ni. Ó yẹ Elizabeth Taylor, òṣèré sinimá. Ní 1968, ọkọ rẹ̀, Richard Burton, ra dáyámọ́ńdì káràtì 33.19 fún un. Kò tì í mọ́ inú àpótí di ọjọ́ òde. Fẹ́rẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́ ló ń wọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 2011, wọ́n tà á ní gbàǹjo ní New York, owó rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là. Obìnrin yìí mọ ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ débi pé ó kọ odindi ìwé nípa wọn. Ó wù ú, agbára ká a, ó sì mọ ohun tí ó ń wò. Ohun mẹ́ta yìí ni mo fi ń díwọ̀n òrùka báyìí, ńlá ni o, kékeré ni o.

Òdìwọ̀n yìí kan náà ni mo fi ń wo ìka tí kò ní òrùka rárá. Ní Ìlíṣàn wa níbí ni Yunifásítì Babcock wà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1959 gẹ́gẹ́ bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ Seventh-day Adventist, tó sì di yunifásítì ní 1999. Ó ti pẹ́ tí ìjọ náà ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ pé kí wọ́n yẹra fún wúrà àti òkúta olówó iyebíye lára; ní Amẹ́ríkà, àwọn kan nínú wọn máa ń fi aago ọwọ́ ṣe àdéhùn ìgbéyàwó dípò òrùka. Èmi kò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìka rẹ̀ ṣófo nítorí ohun tó gbà gbọ́ ti yan èyí tó bá a mu, bí Taylor ṣe yan tirẹ̀.

Bí a bá sì yà sí Ìkẹ́nnẹ́ tó wà nítòsí wa, a ó bá ìtàn Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbẹ̀, tó gbé ìyàwó rẹ̀, H.I.D., níyàwó ní oṣù Kejìlá 1937. Gbogbo ayé mọ̀ pé ìyàwó náà gan-an ló máa ń pè ní ohun ọ̀ṣọ́ tí a kò lè dá iye lé. Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni wọ́n fi jọ gbé kí ọkọ tó kú ní 1987. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní Rẹ́mọ béèrè bí òkúta òrùka ìyá náà ṣe tóbi tó. Orúkọ tí ọkọ fi pè é ló kù lẹ́nu wa.

Àbúrò mi ti bímọ báyìí. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ bá a gbọ́mọ, mo rí òrùka ńlá náà lórí fèrèsé níbi tó ti ń fọ aṣọ ọmọ. Mo ní kí ló dé tí kì í wọ̀ ọ́ mọ́.

"Ó máa ń ha ọmọ lára, Àǹtí mi."

Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé àwọn ò tíì san owó rẹ̀ tán. Ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù ni ọkọ rẹ̀ ti yá a, oṣù kọkàndínlógún rèé tí wọ́n ti ń yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀. N kò rí nǹkan kan sọ. Ó fún omi aṣọ ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó wá ní, "Ti kékeré yẹn ló wù mí. Ẹ má bínú."

Ẹni tí mo ṣẹ̀ ló ń bẹ̀ mí. Owó náà dùn mí, ṣùgbọ́n èyí ló dùn mí jù: nínú gbogbo ariwo tí a pa, kò sí ẹnì kankan tó bi ẹni tó ni ìka léèrè ohun tó wù ú. Mo gbé ohun tó wu èmi wọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo ní kí ọkọ rẹ̀ sanwó rẹ̀. Àwọn àgbà ní aṣọ àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ẹni mu. Mo ti wá rí i pé kì í ṣe aṣọ nìkan ni wọ́n ń bá wí. Ohun tó wu ẹlòmíràn náà ṣeé yá wọ̀, kì í sì í ṣe rẹ́gí lára ẹni.

Mo ṣì fẹ́ràn òrùka ńlá. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí tó kóró àgbàdo dáadáa. Dígí ni, ọjà ni mo ti rà á, mo sì máa ń wọ̀ ọ́ nígbà tí ó bá ku èmi nìkan nílé. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá na ọwọ́ sí mi lónìí pé kí n wo òrùka òun, n kì í sọ ọ̀rọ̀ kámẹ́rà mọ́. Mo máa ń béèrè pé, "Ṣé ó wù ọ́?" Bó bá ti lè ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tóbi tó.