"OMI NI Ó DÀNÙ, AGBÈ KÒ FỌ́": ÀGBÉYẸ̀WÒ ÒWE ÌTÙNÚ KAN

Òwe kan wà tí Yorùbá fi ń tu obìnrin tí oyún rẹ̀ wálẹ̀, tàbí tí ó bí òkú ọmọ, nínú: 'Omi ni ó dànù, agbè kò fọ́.' Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtumọ̀ rẹ̀, èsì tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ọmọ lọ, ìyá kù, ìyá yóò sì bí òmíràn. Èsì yìí kò burú, ṣùgbọ́n apá kejì òwe náà nìkan ni ó kà. Apá kìíní ni mo fẹ́ kí a tún wò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àfiwé inú rẹ̀. Ní àwọn abà àti ìlú kéékèèké Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà tí ó yí Ìbàdàn ká, agbè ni a fi ń gbé omi mímu lọ sí oko kí kẹ́ẹ̀gì oníke tó gba ipò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí agbè rí a máa kọ 'àgbẹ̀ kò fọ́', òwe náà a sì dàrú. Ẹni tí omi rẹ̀ dànù lóko lọ́sàn-án gangan mọ ohun tí òun pàdánù. Nítorí náà, omi inú òwe yìí kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ rárá.

Ẹ tún wo gírámà rẹ̀. Gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́ ni apá kìíní: 'ni' gbé omi síwájú, kí a lè dárúkọ àdánù kí a tó dárúkọ ìtùnú. Lọ́nà kejì, òwe náà kò sọ pé agbè ni ó da omi nù. 'Dànù' kò ní olùṣe níhìn-ín, gẹ́gẹ́ bí 'oyún wálẹ̀' ti yàtọ̀ sí 'ó ṣẹ́ oyún'. Èdè wa ti dá obìnrin láre kí aládùúgbò tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àjẹ́, orogún tàbí ìrìn òru tí ó fa ọ̀ràn náà. Ìmọ̀ ìṣègùn gbè é lẹ́yìn. Nínú oyún 100 tí obìnrin mọ̀ pé òun ní, a fojú dá a pé 10 sí 20 ni ó ń wálẹ̀. Nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó ń wálẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó jẹ́ nítorí àṣìṣe nínú èròjà àjogúnbá ọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lítíréṣọ̀ ti fún àbíkú ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Ó ní orúkọ: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́. Wole Soyinka àti J. P. Clark kọ ewì Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ 'Abiku'. Àkọlé ìwé Ayọ̀bámi Adébáyọ̀, Stay With Me (2017), jẹ́ ìtumọ̀ Rótìmí, orúkọ ọmọ kan nínú rẹ̀; ìwé náà sì fi hàn pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà lára ohun tí ó wà nídìí ọ̀ràn ìdílé náà. Ṣùgbọ́n oyún tí ó wálẹ̀ kò dé ọjọ́ kẹjọ. Kò ní orúkọ, kò ní oríkì, a kì í ṣe òkú rẹ̀. Òwe kúkúrú yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí a ń sọ lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a máa pa á ní ìdajì.

Òwe náà ní àléébù kan: agbè lè má fọ́, kí ó sì sán. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá, tàbí tí ara rẹ̀ ń gbóná lẹ́yìn tí oyún wálẹ̀, kì í ṣe ẹni tí a ń pa òwe fún. Ilé ìwòsàn ni kí a sáré gbé e lọ. Èyí tí ara rẹ̀ sì dá, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ kò tíì gbẹ, kò tíì lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ mìíràn.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, nígbà tí a bá ń kọ́ni ní òwe yìí, kí a béèrè ẹni tí ń pa á, ẹni tí a ń pa á fún, àti àkókò tí a pa á. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ pa á dáradára gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró lórí 'omi dànù', kí ó jẹ́ kí obìnrin náà sunkún omi rẹ̀, kí ó tó sọ pé agbè kò fọ́.