Àwọn Narsamma Méjì Nídìí Máíìkì

Abúlé Machnoor, ní ìpínlẹ̀ Telangana lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ni Sangham Radio wà. Àwọn obìnrin Dalit, tí àwọn ẹ̀yà tó ń pera wọn ní ọmọ ọlọ́lá ti ń kà sí aláìmọ́ láti ayébáyé, ló ń darí rẹ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ ìwé. Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2008 ni ohùn wọn kọ́kọ́ jáde lórí ìkànnì 90.4.

Wákàtí tí wọ́n yàn ni kí a kọ́kọ́ wò. Aago 7 sí aago 9 alẹ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Nígbà yẹn, àwọn èèyàn ti dé láti oko, ìkòkò ti wà lórí iná, ìyá tí kò ráyè jókòó láti òwúrọ̀ sì lè máa gbọ́ rédíò bó ṣe ń dáná. Ètò obìnrin tí a bá fi sí aago 10 òwúrọ̀ ńkọ́? Ta ni yóò gbọ́ ọ nínú àwọn tó wà lóko?

Algole Narsamma àti èkejì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní General Narsamma ni òpómúléró ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn ni wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀, tí wọ́n ń gé e, tí wọ́n ń tò ó, tí wọ́n sì ń gbé e sáfẹ́fẹ́. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti dùn mọ́ mi jù ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Àgbẹ̀ ló ń bi àgbẹ̀ léèrè. Ẹni tó mọ òjò tí wọ́n fi ń gbìn jéró, tó mọ irúgbìn tí wọ́n ń gbìn pọ̀ mọ́ ọkà bàbà lórí ilẹ̀ kan náà, kò ní béèrè bí àlejò. Lágbègbè náà, ọwọ́ obìnrin ni irúgbìn wà: àwọn ló ń ṣà á, tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sílé di ọdún tó ń bọ̀. Ìmọ̀ tí wọ́n ti kà sí ọ̀rọ̀ ìdí ààrò wá di ohun tí tọkùnrin tobìnrin ń tẹ́tí sí lálẹ́. Èdè Telugu bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lábúlé ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, wọn kì í fi ti ìlú ńlá pọ́n ọn. Ará Ìkálẹ̀ tó bá ti gbọ́ ẹ̀ka-èdè ara rẹ̀ lórí rédíò rí yóò mọ bí ìyẹn ṣe ń rí lára.

Iṣẹ́ yìí kò dé lójijì. Ọdún 1995 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Íńdíà dájọ́ pé ti gbogbo ará ìlú ni afẹ́fẹ́ tí rédíò ń gbà, ṣùgbọ́n ó di 2006 kí ìjọba tó gba irú ẹgbẹ́ tiwọn láyè láti dá rédíò sílẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, Deccan Development Society, ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn wọn, kò jẹ́ kí wọ́n káwọ́ gbera. Wọ́n ń gba ètò sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń gbé e lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin láti abúlé dé abúlé, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún wọn gbọ́. Nígbà tí ìwé àṣẹ fi máa dé, ọwọ́ wọn ti mọ iṣẹ́ náà.

Lójú tèmi, ìdọ́gba ọkùnrin àti obìnrin tó wà nínú kí obìnrin ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ju èyí tó wà nínú ọgọ́rùn-ún ìwàásù lórí ẹ̀tọ́ obìnrin lọ.

Láti ọdún 2015 ni ìjọba Nàìjíríà náà ti ń fọwọ́ sí rédíò àdúgbò. Bí ọ̀kan bá wà nítòsí yín, ẹ lọ béèrè: obìnrin mélòó ló ń gba ohùn sílẹ̀ níbẹ̀? Mélòó ló wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń yan wákàtí ètò? Bí kò bá sí, ẹ ní kí wọ́n wá àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn ọmọbìnrin àdúgbò, kí wọ́n sì kọ́ wọn níṣẹ́ náà.