Àtẹ Fáìlì

Bí mo bá gba Mile 12 kọjá láàárọ̀, ojú mi kì í kúrò lára àwọn tó ń pàtẹ ata. Rodo lọ́tọ̀, tàtàṣé lọ́tọ̀, ṣọ̀ǹbọ̀ lọ́tọ̀. Oníbàárà ò tíì dúró tán, ojú rẹ̀ ti rí ohun tó wá rà. Iṣẹ́ tí èmi náà ń ṣe nínú yàrá mi ní Ifákọ̀ nìyẹn, àfi pé fáìlì ni mò ń pàtẹ ní tèmi. Mò ń bójú tó sáfà FTP fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Àwọn oníbàárà wọn á fi káàdì ìgbéyàwó àti pósítà ránṣẹ́ síbẹ̀. Òṣìṣẹ́ á tẹ “dir”, orúkọ fáìlì á sì tò wálẹ̀ lórí ojú dúdú. Títò yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ mi.

FTP, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń gba fáìlì lọ́wọ́ ara wọn, ti pẹ́ láyé. Oṣù kẹrin ọdún 1971 ni Abhay Bhushan, ọmọ Íńdíà tó wà ní MIT l'Amẹ́ríkà, kọ ìlànà àkọ́kọ́. Ìlànà ọdún 1985 la ṣì ń tẹ̀ lé: àṣẹ LIST, tí “dir” ń pè, wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò sọ bí ìlà kọ̀ọ̀kan yóò ṣe rí. Sáfà kọ̀ọ̀kan wá ń pàtẹ bó ṣe wù ú. Ọdún 2007 ni ìlànà MLSD jáde, tí kọ̀ǹpútà lè kà láìṣì í kà. Mo mọ rírì rẹ̀, àmọ́ LIST lọkàn mi fà sí, torí ènìyàn ló ń kà á.

Ọjọ́ Ẹtì kan ló jẹ́ kí n mọ̀ bí títò náà ṣe wúwo tó. Ọkùnrin kan fi ìwé ètò ìsìnkú ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Ó rí i pé ọjọ́ orí ìyá ò tọ̀nà, ó tún un ṣe, ó sì fi ránṣẹ́ padà ní 10:15. Orúkọ kan náà ni fáìlì méjèèjì ń jẹ́; èkejì ti gorí èkíní. Ó ní èyí tó wọlé lẹ́yìn aago mẹ́wàá ni kí wọ́n tẹ̀.

Ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ pè mí. “Ẹ̀gbọ́n, fáìlì aago mẹ́wàá ò tíì dé o. Ti mẹ́sàn-án ló ṣì wà níbẹ̀.”

“Dúró dè é ná,” ni mo wí.

Aago Greenwich ni ProFTPD, ètò tó ń darí sáfà náà, ń kọ bí a ò bá ní kó kọ òmíràn, Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú. 09:15 ló hàn. Wọ́n ń dúró de fáìlì tó ti wà lórí àtẹ. Orin ti bẹ̀rẹ̀ níbi àìsùn kí ìwé ètò tó dé. Ó ṣì ń dùn mí.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ “TimesGMT off”, kí aago tiwa lè máa hàn. Mo wá jókòó ti ListOptions, ìlà tó ń pinnu bí orúkọ ṣe ń tò. “-t” nìkan á gbé fáìlì tuntun sókè, ṣùgbọ́n bí orúkọ bá pọ̀, òkè á ti yí kúrò lójú. Mo fi “r” kún un, ó di “-tr”: tuntun kángun sísàlẹ̀, níbi tí ojú ń sinmi sí. Lẹ́yìn náà, HiddenStores. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń já lójijì, fáìlì tí kò wọlé tán kò yẹ kó jáde sórí àtẹ. Orúkọ tó fi àmì tótó bẹ̀rẹ̀ ni yóò máa jẹ́ títí yóò fi pé. Ìlà mẹ́ta péré. N kò mọ ohun tó rẹwà jù ú lọ nínú iṣẹ́ yìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó ti ọmọkùnrin yẹn ní Ṣómólú. Ó tẹ “dir”. Iṣẹ́ tó wọlé ní ìṣẹ́jú méje sẹ́yìn ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, aago rẹ̀ bá ti ara ògiri mu. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ti ń to bébà sẹ́nu ẹ̀rọ.