Ǹjẹ́ Ewì Ń Mú Iṣu Ta?

Ní ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ bi mí pé, "Ìwọ tí o ń ka ewì láti àárọ̀ di alẹ́, ǹjẹ́ ewì ń mú iṣu ta?" Gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn, nítorí pé n kò rí èsì gidi fún un. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú láti fèsì nísinsìnyí. Ilẹ̀ Ìbàràpá ni n ó ti mú ẹ̀rí mi wá, ní Igbó-Ọrà tí a ti bí mi.

Kò sí ẹni tí kò mọ Igbó-Ọrà mọ́ ìbejì. Ìwádìí tí Patrick Nylander ṣe láàrin 1972 àti 1982 fi hàn pé nínú 1000 ìbímọ ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, bí 45 sí 50 ni ó jẹ́ ìbejì. Àwọn ará ilé wa ní ọbẹ̀ ìlasa ni ó ń fà á. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn oníṣègùn. Ohun tí ó kàn mí ni ọ̀rọ̀ tí a fi ń pàdé àwọn ọmọ náà bí wọ́n bá dé.

Ìyá ìbejì kì í kí ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí ó bí ọmọ kan ṣoṣo. Oríkì ni ó fi ń jí wọn. Yóò pe Táíwò, yóò pe Kẹ́hìndé, yóò sì kì wọ́n mọ́ edun, ẹranko orí igi. Bí mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, mo ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í fi ẹsẹ̀ kan dúró. Bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ sórí ọ̀kan, á tún padà sọ̀ kalẹ̀ sórí èkejì, kí ọ̀kan má baà jowú. Nínú kíláàsì, awítúnwí ni à ń pè é, a óò sì kọ ọ́ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ọ̀ṣọ́. Ní ẹnu ìyá ìbejì, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ rárá. Bí a ti ń pín ọmú dọ́gba ni a ń pín ọ̀rọ̀ dọ́gba.

Ní ayé àtijọ́, ìyá ìbejì a máa gbé àwọn ọmọ rẹ̀ jó yí ọjà ká, a máa fi orin kì wọ́n, àwọn ènìyàn a sì fún un lówó àti oúnjẹ, a sì súre fún wọn. Ewì ti bọ́ ọmọ rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró síbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi yóò ní alágbe ni mo ń gbèjà.

Ẹ jẹ́ kí a wo apá kejì. Ikú a máa mú ìbejì púpọ̀ lọ nígbà náà. Bí ọ̀kan bá kú, wọn a gbẹ́ ère rẹ̀, ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa wọ̀ ọ́ láṣọ, oríkì kan náà tí ó fi ń kì wọ́n nígbà tí wọ́n pé méjì ni yóò sì máa fi kì wọ́n. Kí ni ìyá yìí ìbá wí bí kò bá sí oríkì? Ẹkún lásán kò ní ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sì ní ibi tí a ti ń dúró. Oríkì ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní ìparí. Obìnrin náà á kì í tán, á sì dìde lọ dáná.

N kò sọ pé gbogbo oríkì ni ó dára. Ní òde àríyá, ẹ óò rí àwọn tí ń fi oríkì ẹlòmíràn kì olówó, tí wọn kò mọ ilé bàbá rẹ̀. Èyí tí a lè kì fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ná owó kò tọ́ sí ẹnì kan. Mo ka irú rẹ̀ sí ewì tí kò dára, bí ohùn akéwì ti wù kí ó dùn tó.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ẹ̀bi tiwa. Ní 1967 ni Adébóyè Babalọlá tẹ Àwọn Oríkì Orílẹ̀ jáde, gbèsè ọpẹ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn wa. Ṣùgbọ́n àká ni ìwé. Ẹni tí ó ní àká tí kì í sí i àfi bí ìdánwò bá dé, ebi ni yóò pa á.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ní ìsinmi tí ó kọjá, mo dọ̀bálẹ̀ kí ìyá bàbá mi ní òwúrọ̀. Ó ní, "Àkànní, ọkọ mi," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kì mí títí orí mi fi wú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìwọ náà, ki bàbá rẹ kí n gbọ́." Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni mo kì tí ẹnu mi fi wọ̀. Màmá kò bá mi wí. Ó kàn béèrè pé, "Bí mo bá lọ tán, ta ni yóò máa sọ ẹni tí o jẹ́ fún ọ?"

Èsì mi sí ọ̀rẹ́ mi nìyí: ewì kì í mú iṣu ta. Ọkọ́ àti òjò ni ó ń ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ta iṣu yóò padà sílé ní alẹ́, yóò bí ọmọ, yóò sin òkú, yóò sì fẹ́ kí ẹnì kan mọ òun. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ewì wà. Bí ẹ bá lọ sílé, ìbáà ṣe Èrúwà, ìbáà ṣe Ìdèrè, ìbáà ṣe ìlú mìíràn, ẹ jókòó ti àgbàlagbà kan, kí ẹ sì kọ́ ọ sí ẹnu kí ẹ tó kọ ọ́ sí ìwé. Èmi ti kọ́ ẹsẹ̀ mọ́kànlá báyìí. Màmá ní ó ṣì ku púpọ̀.