Àwọ̀n, Ayélujára àti Oníbodè: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bí ó ti rí fún ọmọ ni ó rí fún ohun èlò: orúkọ tí a bá fún un ni yóò darí ọwọ́ ẹni tí ń lò ó. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ìsopọ̀ kọ̀ǹpútà ní ilé-ẹ̀kọ́ wò fínnífínní.

Ọ̀rọ̀ kìíní ni àwọ̀n, tí àwọn kan fi túmọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ní agbègbè Port Harcourt, níbi tí àwọn ará Okrika ti ń fi àwọ̀n pẹja, ẹwà àfiwé yìí kò fara sin: okùn pọ̀, kókó sì so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọ̀n ni láti dá ẹja dúró, kì í ṣe láti jẹ́ kí ó kọjá. Kọ̀ǹpútà tí a so pọ̀ nínú yàrá kan jẹ́ àwọ̀n kan. Ti yàrá kejì jẹ́ òmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí kò sọ bí èkíní yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ayélujára. Ẹni tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀ gbìyànjú, nítorí ó mọ̀ pé ìlujá ni kókó ọ̀rọ̀. Àléébù ibẹ̀ ni pé ayé ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó lè mú kí olùkọ́ rò pé àfi kí a máa sanwó dátà lóṣooṣù kí yàrá méjì tó bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wáyà, tí kò gùn ju mítà 100 lọ, àti ẹ̀rọ kékeré kan tó.

Ẹ̀rọ náà ni router. Oníbodè ni mo dábàá pé kí a máa pè é. Láyé àtijọ́, oníbodè a máa jókòó sí ẹnu odi ìlú, a sì máa wádìí ibi tí èrò ti wá àti ibi tí ó ń rè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ yìí ń ka àdírẹ́sì tí ó wà lára iṣẹ́ tí a rán, kí ó tó darí rẹ̀ sí àwọ̀n tí ó tọ́ sí. Ìyàtọ̀ kan ni pé èyí kì í gba owó ibodè.

Kì í ṣe àríyànjiyàn lásán ni èyí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, lára wọn MainOne àti SAT-3, íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú káàkiri Nàìjíríà. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá so yàrá rẹ̀ pọ̀, tí ó sì fi ètò Kiwix kó Wikipedia, títí kan ti èdè Yorùbá, sínú kọ̀ǹpútà kan, kò ní dá ẹ̀kọ́ dúró nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bí iná bá ti wà. Láti ọdún 2015 sì ni JAMB ti fi kọ̀ǹpútà rọ́pò bébà pátápátá. Ọmọ tí kò bá rí ẹ̀rọ lò ní kíláàsì yóò bá a pàdé lọ́jọ́ ìdánwò.

UNESCO fi Port Harcourt ṣe olú-ìlú ìwé lágbàáyé ní ọdún 2014. Oyè ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìwé tí a tì mọ́ yàrá kan ṣoṣo kò lè sìn ju yàrá náà lọ. Àwa tí a ń kọ́ olùkọ́ ni ó yẹ kí a fún wọn ní ọ̀rọ̀ tí yóò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kí a tó lu ayé já, ògiri tí ó wà láàárín kíláàsì méjì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ lu.