Ilé Tí Ojú Ìlú Ti Ń Bá Iṣẹ́ Pàdé

Iléṣà ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Ọwá Obòkun, láàrin àwọn òṣómàáló tí wọn kì í fi gbèsè ṣeré, ṣùgbọ́n Òṣogbo Òròkí, ìlú aró, ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun títí di òní: àwòrán lílù sára páànù àlùmíníọ́mù, iṣẹ́ tí olóògbé Àṣírù Ọlátúndé, alágbẹ̀dẹ tí àìlera kò jẹ́ kí ó lè máa rọ irin mọ́, gbé dé etígbọ̀ọ́ ayé nígbà tí Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira.

Ẹni tí kò mọ ìdí iṣẹ́ yìí a máa rò pé agbára apá ni. Sùúrù ni. Bí a bá ti tẹ́ páànù sórí pákó, tí a sì ti fi lẹ́ẹ̀dì fa àwòrán sí i, irin ẹlẹ́nu kúkú àti òòlù kékeré ni a ó fi máa tọ ìlà náà lọ, ko, ko, ko, tí ilẹ̀ tó yí ènìyàn àti ẹranko ká yóò máa rì díẹ̀díẹ̀, tí àwọn fúnra wọn yóò sì máa yọ jáde bí ẹni pé wọ́n ti wà níbẹ̀ látilẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi ọ̀dà dúdú pa gbogbo rẹ̀, tí a ó sì fi àkísà nù ún kí ó tó gbẹ, kí dúdú lè kù sínú ihò, kí funfun sì máa kọ mànà lára ẹṣin ọba àti ẹyẹ orí igi.

Ilé tí irú iṣẹ́ ọwọ́ báyìí ti ń rí ojú ará ìlú nígbà náà ni Mbari Mbayo, tí Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier, ará Jámánì, dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962 nínú ilé tí Ládiípọ̀ ti ń ta ọtí tẹ́lẹ̀. Denis Williams, ọmọ ilẹ̀ Guyana, kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀. Georgina Beier náà kọ́ wọn ní 1964. Twins Seven Seven, oníjó, ti ibẹ̀ di ayàwòrán. Bákan náà ni Jimoh Buraimoh, tó ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ òṣèré Ládiípọ̀, tó wá di ẹni tí ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán.

Beier fi Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1966, Ládiípọ̀ di ará ọ̀run ní 1978, Mbari Mbayo sì kógbá sílé. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò: àwọn tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ṣí gbọ̀ngàn àwòrán tiwọn, mo sì ń kan sáárá sí wọn, nítorí àwọn ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ yìí parun. Síbẹ̀, ilé ẹnìkan kì í ṣe ilé ìlú. Olówó àti àlejò ni ó ń wọ ibẹ̀ jù, bí ó bá sì di ọjọ́ tí onílé kò sí mọ́, ọwọ́ àwọn ọmọ ni àwòrán ń bọ́ sí, wọ́n sì lè pín in bí ẹní pín aṣọ.

Ojú ẹni tí kò ní í rà ni mo ń wá. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, ọ̀gá mi ń lu àwòrán Arugbá Ọ̀ṣun lójú títì, ìyá aláró kan tó ń kọjá lọ dúró, ó wò ó títí, ó ní, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn onílù ńkọ́?” Ọ̀gá mi kò fọhùn, ó mú lẹ́ẹ̀dì, ó fi onílù méjì sí igun tó ṣófo, ibẹ̀ ni ojú gbogbo ẹni tó rí páànù náà sì ń kọ́kọ́ lọ. Àlejò tó wá fún wákàtí kan kò lè béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, àwa tí ojú àlejò nìkan ń wò sì ti ń lu erin kan náà, igi kan náà, lọ́dọọdún.

Nítorí náà, bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbèrò ohun tí a ó fi rọ́pò Mbari Mbayo, ní Òṣogbo tàbí ní Iléṣà tiwa, ẹ jẹ́ kí ó wà lẹ́bàá ọjà, kí oníṣẹ́ máa ṣiṣẹ́ níwájú rẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ àti ará àdúgbò, kí a má sì gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́wọ́ ará ìlú kankan.