Bébà Tó Dúró Níwájú Iná

Bébà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọkàn tán. Omi ń bà á jẹ́, iná ń jó o, ọmọdé sì lè fà á ya. Síbẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí bébà tó mu epo yó ti ń wé mọ́ wáyà iná alágbára lábẹ́ ìlú àti ní ìsàlẹ̀ òkun, tí kò jẹ́ kí iná náà ya bàrá. Ohun tó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ yìí ni pé ibì kan ṣoṣo ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ forí lé: kí àlàfo má ṣe sí nínú ohun tí a wé.

Sebastian Ziani de Ferranti, ọmọ Liverpool tí wọ́n bí ní 1864, kò tíì pé ọmọ 30 ọdún nígbà tó pinnu láti gbé iná láti ibùdó amúnáwá Deptford wọ àárín Lọ́ńdọ̀nù ní 10,000 fólítì. Wáyà tó wà lọ́jà nígbà náà kò lè gbà á, ló bá ṣe tirẹ̀. Ó ki ọ̀pá bàbà kan bọ inú òmíràn, ó sì fi bébà tí wọ́n ti rẹ sínú ìda dí àárín wọn. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan gùn tó 20 ẹsẹ̀ bàtà. Kí ọkàn àwọn èèyàn lè balẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ di ṣísẹ́ẹ̀lì mú, ẹnì kejì sì fi òòlù gbá a wọ inú ọ̀pá náà nígbà tí iná wà nínú rẹ̀. Kò sóhun tó ṣe ẹni tó di ṣísẹ́ẹ̀lì mú, torí pé wọ́n ti so ọ̀pá òde mọ́ ilẹ̀. Nígbà tó fi di 1891, iná ti ń gbabẹ̀ lọ ní 10,000 fólítì. Wọ́n sì lo irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ títí di 1933.

Àwọn tó tẹ̀ lé e sọ iṣẹ́ náà di ọnà. Wọ́n ń gé bébà sí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rọ á sì máa wé e yí okùn bàbà po ní ìpele lórí ìpele, tó lè lé ní ọgọ́rùn-ún. Etí ọ̀já kì í kan ara wọn. Wọ́n ń fi àyè bíńtín sílẹ̀ kí bébà lè yọ̀ lórí ara wọn nígbà tí a bá tẹ wáyà. Ṣùgbọ́n bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù, tí ojú ìpàdé òkè kì í ṣe déédéé ti ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀já òkè gbọ́dọ̀ bo àyè tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bébà tó fẹ́lẹ́ jù ló máa ń sún mọ́ bàbà, torí ibẹ̀ ni agbára iná ti pọ̀ jù.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gbé e sínú táǹkì ńlá, wọ́n á mú un gbóná kọjá 100 digírì, wọ́n á sì máa fa afẹ́fẹ́ àti omi jáde títí bébà yóò fi gbẹ tán. Ìgbà náà ni epo gbígbóná yóò tó wọlé láti dí gbogbo àyè tó wà láàárín ọ̀já. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni èyí ń gbà, kò sì sí bí a ṣe lè kánjú rẹ̀. Òjé ni wọ́n fi ń bò ó kẹ́yìn kí ọ̀rinrin má bàa wọlé.

Síbẹ̀, àlàfo lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí. Bí iná púpọ̀ bá ń gba inú wáyà, epo á gbóná, á wú, á sì ti òjé sóde. Bó bá tutù, epo á sún kì, ṣùgbọ́n òjé kì í padà sáyè rẹ̀. Inú ihò kékeré tó bá ṣẹ́ kù ni iná á ti máa ta pàrà, tí á máa jó bébà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Luigi Emanueli, ẹnjiníà ní ilé-iṣẹ́ Pirelli ní Milan, rí ojútùú rẹ̀ ní 1917: ó lo epo tó ń ṣàn, ó dá ihò sí àárín okùn bàbà, ó sì gbé táǹkì epo sí ojú ọ̀nà wáyà. Bí epo bá wú, á sá lọ sínú táǹkì; bó bá sún kì, táǹkì á dá a padà. Ní 1927, New York àti Chicago ń lo irú wáyà yìí ní 132,000 fólítì.

Ìdánwò rẹ̀ kò fàyè gba ìtànjẹ. Wọ́n á kọ́kọ́ wé wáyà mọ́ àgbá, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un wé sí òdìkejì, bí ìgbà tí wọ́n bá ń rì í mọ́lẹ̀. Wọ́n á mú un gbóná, wọ́n á jẹ́ kó tutù, léraléra, pẹ̀lú fólítì tó ju èyí tí yóò máa gbé lọ. Wọ́n á wọn ìpín iná tí bébà ń sọ di ooru. Bí ìpín náà bá dúró sójú kan bí fólítì ṣe ń ga, inú rẹ̀ kún; bó bá ṣàdédé gbéra, àlàfo wà níbẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n á tún un tú ní ọ̀já kọ̀ọ̀kan lórí tábìlì, wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ ìmọ́lẹ̀: ṣé ó kákò, ṣé ó ya, ṣé ipa dúdú tó pẹ̀ka bí igi wà lára rẹ̀?

Ọ̀nà òkun jìn ju ohun tí táǹkì epo lè tọ́jú. Nítorí náà, epo tó ki, tí kì í ṣàn dànù, ni wọ́n ń lò níbẹ̀, pẹ̀lú iná tó ń lọ sí ìhà kan ṣoṣo. Irú rẹ̀ ni Sweden fi gbé iná lọ sí erékùṣù Gotland ní 1954, ní 100,000 fólítì. Ní 2021, North Sea Link so Norway mọ́ England, 720 kìlómítà, ó sì lè gbé 1,400 mẹ́gáwáàtì.

Lórí ilẹ̀, ike ti gba ipò bébà ní ọ̀pọ̀ ibi, torí kò ní epo tó lè jò. Ìyẹn kò dín iyì bébà kù. Àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ mọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí, wọn kò sì fi í pa mọ́: wọ́n gbẹ omi inú rẹ̀, wọ́n fi epo dí ihò rẹ̀, wọ́n sì tú u yẹ̀ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ìṣòtítọ́ sí àìlera ohun èlò yìí ni mo rí gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n tó ga jù nínú iṣẹ́ ẹnjiníà.